Orí Karùn-ún: Ìtẹlẹ̀ Oníwọ̀n Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìgbáròkó

Nínú gbogbo àṣẹ tí dókítà ń pa fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún, kò sí èyí tí ó rọrùn láti sọ tí ó sì ṣòro láti pa mọ́ bí èyí tí ó wí pé, "Ẹ má tíì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ yìí." Ẹnìkan a gbọ́ ọ tán, a wọ orí ibùsùn lọ, a nà gbalaja, a ní àwọn ọmọ ni yóò máa gbé òun dìde, tí wọn yóò sì máa gbé òun jókòó, títí itan tí ó ki pọ́pọ́ tẹ́lẹ̀ yóò fi joro. Ẹlòmíràn a gbọ́ ọ tán, a ní ọmọ akin kì í bẹ̀rù ẹsẹ̀ ara rẹ̀; kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti gbé ọ̀pá jù sí kọ̀rọ̀, ó ti ń dá rìn lọ sí ìdí àtẹ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣi àṣẹ náà gbọ́. Dókítà kò ní kí a má rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí a rìn bí a ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa, ìwọ̀n yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ lásán, nítorí pé a lè fi kílò kà á, a lè fi ojú rí i, a sì lè fi ara kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eegun itan ni ó gùn jù, òun náà ni ó sì lágbára jù nínú gbogbo eegun ara ènìyàn. Ní òkè rẹ̀ pátápátá ó tẹ̀ sí inú, ó ní ọrùn, lórí ọrùn náà sì ni orí róbótó kan wà tí ó wọ inú ihò ìgbáròkó lọ, tí ó ń yí síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn yìí ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń gbà gòkè lọ bọ́ orí eegun. Nítorí náà, bí ọrùn bá kán, àwọn iṣan náà lè já, orí eegun a sì wà láìrí oúnjẹ jẹ títí yóò fi kú sínú ihò rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí kíkán ọrùn eegun itan jọ kíkán apá tàbí ojúgun. Àwọn a-to-eegun wa, tí n kò jẹ́ fi ojú yẹpẹrẹ wò, mọ iṣẹ́ igi pẹlẹbẹ àti ọ̀já dáadáa níbi tí ọwọ́ bá ti lè tó eegun; ṣùgbọ́n ọrùn eegun itan jìn sínú ẹran, kò sí ọ̀já tí a lè dì mọ́ ìta ara tí yóò dì í mú ṣinṣin.

Àgbà ni ó ń kán jù, kì í sì í ṣe orí ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń já bọ́. Inú ilé ni, láàárín yàrá sí ilé ìwẹ̀, níbi tí omi ti dà sílẹ̀ tàbí tí iná ti kú lójijì, láti ìdúró lásán, nítorí pé eegun àgbàlagbà, pàápàá jù lọ ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ti ń fúyẹ́ nínú láìjẹ́ kí ẹni tí ó ni ín mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀kadà gbé òmíràn ṣubú, ihò ìgbáròkó rẹ̀ là, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ orí eegun itan àwọn mìíràn láti ìgbà èwe, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún 25 lè máa tiro bí arúgbó, kí iṣẹ́ abẹ sì wá di ọ̀nà àbáyọ fún un.

Kí ni ó wá dé tí ẹsẹ̀ tí ó ti gbé wa fún àádọ́ta ọdún fi di ohun tí a ń fi òṣùwọ̀n tẹ̀? Ẹni tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì pín ara rẹ̀ sí méjì, kò sì sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè rìn tí a kò ní gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, nígbà tí a bá sì gbé e, ìbàdí a fẹ́ wó sí ìhà tí kò sí òpó. Àwọn ẹran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ni yóò fà á padà, agbára tí wọ́n sì fi ń fà á a tún wá tẹ orí eegun náà, ní àfikún ìwúwo tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé agbára tí ó ń tẹ oríkèé ìgbáròkó nígbà tí a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara. Ìyá tí ó wọn 70 kílò, tí kò sì ru ẹrù kankan, ń gbé nǹkan bí 200 kílò lé orí róbótó yẹn, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Eegun tí ó gún ń gbé e láìráhùn. Eegun tí wọ́n fi ìdè irin so pọ̀ láàárọ̀ àná ńkọ́?

Irú iṣẹ́ abẹ tí a ṣe, àti bí dókítà ti bá eegun nígbà tí ó là á wò, ni ó ń pinnu ìwọ̀n. Ìgboyà aláìsàn kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ orí eegun tí ó ti bàjẹ́, tí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì fi àtè líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú eegun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àtè náà fi ń le koránkorán lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, nítorí náà wọ́n lè ní kí aláìsàn dìde kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì. Dókítà John Charnley ni ó mú iṣẹ́ yìí dé ojú àmì ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti kọ́kọ́ fi ike kan tí wọ́n ń pè ní Teflon ṣe ihò ìgbáròkó, ike náà sì jẹ dànù láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í dani kí a má tún un gùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo polyethylene, ike mìíràn tí ó lálòpẹ́ jù ú lọ, orí irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ṣì dúró lé títí di òní. Àpẹẹrẹ kan ni ti Ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba ìgbáròkó tuntun kan ní 1995. Ó ṣubú ní oṣù kìíní ọdún 1998, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 97, wọ́n pààrọ̀ ìkejì, ó tún dìde rìn, ó sì wà láyé di 2002.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìdè irin ni wọ́n fi so ọrùn tí ó kán pọ̀, tàbí pé ihò ìgbáròkó ni ó là tí wọ́n tún un tò, tàbí pé wọ́n ki irin bọ inú eegun láìlo àtè, kí eegun fúnra rẹ̀ lè hù wọ ara irin náà, nígbà náà dókítà lè ní kí a ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 6, ó sì lè ní ọ̀sẹ̀ 12. Ní ti àwọn àgbà tí ọrùn eegun wọn kán, ọ̀pọ̀ dókítà lóde òní ni ó fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bí ara wọn bá ti gbà, nítorí pé ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ léwu fún àgbà ju eegun kíkán lọ. Èyí ni ó fi yẹ kí aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ abẹ má fi ìrìn ara wọn díje. Èyí tí ó ń rìn ní ọjọ́ kejì kò lágbára ju èkejì lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wọn ni kò dọ́gba.

Ilẹ̀ wa náà kò ṣàìmọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó bẹ̀rẹ̀, láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fún àwọn fisiotẹ́rápì, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún ènìyàn kọ́ ní ìrìn. Ní oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí eegun itan Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣẹ́, ìlú Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọn kò gbé e kọjá òkun; mo ka èyí sí ohun tí ó yẹ kí a máa rántí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àìdára ilé ìwòsàn wa.

Báwo ni a wá ṣe ń wọn ìtẹlẹ̀? Orí ìpele mẹ́rin ni àwọn oníṣẹ́ ìlera ń gbé e lé. Àkọ́kọ́ ni kí ẹsẹ̀ má kan ilẹ̀ rárá. Èkejì ni kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí ara má baà yẹ̀, láìgbé ìwúwo lé e. Ẹ̀kẹta ni ìtẹlẹ̀ oníwọ̀n gan-an, nínú èyí tí dókítà ń dárúkọ iye, bóyá ìdá mẹ́ta ìwúwo ara tàbí ìdajì rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí a tẹ̀ ẹ́ bí ara bá ti gbà á. Ìpele kejì ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé bí a bá ká ẹsẹ̀ sókè tí kò kan ilẹ̀ rárá, ìgbáròkó ti sinmi nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tí ó ń gbé ẹsẹ̀ náà dúró nínú afẹ́fẹ́ kò lè gbé e láìfún oríkèé mọ́ra. Nípa bẹ́ẹ̀, fífi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́ lè fún ìgbáròkó ní ìsinmi ju kíká a sókè lọ. Àṣẹ dókítà ni a ó tẹ̀lé, ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ń ṣe dáadáa jù ú lọ nípa gbígbé e kọ́.

Ká sọ pé ìyá kan ní Àpáta, ní Ìbàdàn, tí ó wọn 70 kílò, ni wọ́n ní kí ó máa tẹ 20 kílò péré. Ara kò mọ 20 kílò. Nítorí náà ọ̀dọ́mọbìnrin fisio a gbé òṣùwọ̀n tí a ń gùn, èyí tí ará ìlú ń pè ní sìkéèlì, sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a sì fi pátákó tí ó ga bákan náà sí abẹ́ ẹsẹ̀ kejì kí ìbàdí má baà dà, a sì gbé wọ́kà, férémù irin tí a ń dì mú rìn, fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ di wọ́kà mú dáadáa. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ tí a ṣe yẹn lé e, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé bí èyí, ọmọ mi?"

"Ó ti kọjá mà. 35 ló ń sọ."

"Èmi tí n kò tíì tẹ̀ ẹ́ rárá!"

"Ẹ fi ọwọ́ gbára lé wọ́kà sí i, mà. Ẹ dín in kù. Ó ku díẹ̀... ibẹ̀ yẹn. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ara lè mọ̀ ọ́n."

Ìyá náà a wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, a di ojú, a tún tẹ̀ ẹ́, a la ojú wò ó, títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ 20 kílò láìwo ohunkóhun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí òṣùwọ̀n bá wà nílé, ó dára kí a máa yẹ ara wa wò lórí rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé bí ìrora ti ń lọ ni ẹsẹ̀ ń gbàgbé àdéhùn. Ìrora kì í sì í ṣe olùṣọ́ tí a lè fọkàn tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ó máa ń lọ kí eegun tó jinná.

Láti wọ́ọ̀dù dé ilé ni ọ̀ràn wá gbòòrò. Àpáta wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti UCH yóò la àárín ìlú kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ tí yóò sì kọ́kọ́ yọ sí i ni takisí Micra, tí ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí awakọ̀ sì fẹ́ fún ènìyàn méjì pọ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí dókítà gba ẹ̀yìn ìdí wọlé sí ìgbáròkó wọn ni a ti kìlọ̀ fún pé orúnkún kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì, kí wọ́n má sì yí ẹsẹ̀ sí inú, kí orí tuntun má baà yọ kúrò nínú ihò. Nítorí náà kí a san owó ìjókòó iwájú tán pátápátá, kí a tì í sẹ́yìn dé òpin, kí a fi tìmùtìmù gbé e ga, kí a sì tẹ́ ọ̀rá lé e lórí. Ìdí ni yóò kọ́kọ́ jókòó, kí ọ̀rá náà tó wá jẹ́ kí ara yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kadà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ilé bá ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó gún ni í kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí a ṣe ni í kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá sì ń bá ẹsẹ̀ tí a ṣe rìn. Ọwọ́ ni a fi ń gbára lé ọ̀pá alábíyá, kì í ṣe abíyá gan-an, nítorí iṣan tí ó ń mú ọwọ́ ṣiṣẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ọ̀pá kò lè gbé ife tíì. Kí ó wá àpò kékeré kan gbé kọ́ ọrùn. Àpótí tí a ń jókòó lé dáná kò ṣe é jókòó lé mọ́ fún ìgbà yìí, bẹ́ẹ̀ ni sáláńgá tí a ń lóṣòó sí. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga gíga kan, kí ó lu ihò sí àárín rẹ̀, kí a gbé e ka ojú sáláńgá tàbí kí a ti korobá sí abẹ́ rẹ̀. Owó tí a ná sórí àga yìí kò ṣòfò. Kí a ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ti ká sókè kúrò lọ́nà, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí iná mànàmáná wa kì í dágbére kí ó tó lọ.

Ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ kò mọ bí a ṣe ń jókòó kí àgbà. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá yọ lójú ọ̀nà, orúnkún a ti tẹ̀ kí ọpọlọ tó rántí ìdè irin tí ó wà nínú itan. Mo rò pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni ó ń dán àṣẹ dókítà wò jù. Ṣùgbọ́n àwa náà ti ń fi ẹnu kúnlẹ̀ lórí fóònù láti ọjọ́ pípẹ́: "Mo kúnlẹ̀ o, mà," a sì lè wà lórí ibùsùn nígbà tí a ń sọ ọ́, àgbà tí ó wà ní òdìkejì kò sì bínú. Kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lo àǹfààní kan náà lójúkojú, kí àlejò sì ṣáájú rẹ̀ wí pé, "Má dìde o, ìjókòó rẹ dára." Ní ti ìjọsìn, Ànábì ti fi ààyè sílẹ̀ fún aláìsàn láti kírun ní ìjókòó, kò sì sí pásítọ̀ rere tí yóò ní àdúrà orí àga kò gbà.

Àánú ará ilé náà ní ewu tirẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí Màmá dìde fúnra rẹ̀, kí ó máa fi ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè sódò ní wákàtí wákàtí, kí ó máa fún ẹran itan àti ti ìdí mọ́ra kí ó sì dẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn a dì sínú iṣan. Bí ọ̀kan nínú ojúgun bá wú ju èkejì lọ, tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná tí ó sì ń dun ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òrí tàbí Robb wọ́ ọ. Dídì ẹ̀jẹ̀ tí a bá wọ́ lè já kúrò ní ojúgun kí ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àìlèmí dáadáa àti àyà dídùn lójijì ni ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ń pani kíákíá. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bákan náà ni bí ojú ọgbẹ́ bá ń sun omi, bí ibà bá dé, tàbí bí ẹsẹ̀ bá kúrú lójijì tí ó sì yí síbi kan. Kí a má sì da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì láìsọ fún dókítà.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ìwọ̀n yóò máa lọ sókè. Julius Wolff, dókítà ará Jámánì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1892 pé eegun a máa tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí ó ń gbé bá ti rí. Eegun tí kò gbé nǹkan kan a rọ, èyí tí ó ń gbé díẹ̀díẹ̀ a le. Àwòrán X-ray ni dókítà ń wò kí ó tó fi kún un, nítorí náà kí a má pa ọjọ́ ìpàdé jẹ nítorí pé ara ti yá. Nígbà tí wọ́n bá gba wọ́kà tí wọ́n fún wa ní ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ tí ó wà ní ìhà ẹsẹ̀ tí ó gún ni a ó fi mú un, kì í ṣe ìhà ẹsẹ̀ tí a ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe: láti ìhà yẹn ni ọ̀pá ti ń bá ẹran ìdí gbé ìbàdí dúró, tí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ọjọ́sí a sì dín kù. Walter Blount, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Amẹ́ríkà, kọ àkọsílẹ̀ kan ní 1956 láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ju ọ̀pá nù. Ìtìjú ni ó ń jẹ́ kí a jù ú nù, pàápàá àwa ọkùnrin.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín ní wọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá ti ń kọ̀wé pé kí ó máa lọ sílé, ẹ má tíì wá ọkọ̀. Ẹ bèèrè iye kílò tí ẹsẹ̀ náà lè gbé àti ọjọ́ tí wọn yóò yí iye náà padà, ẹ ní kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá níbi tí gbogbo ará ilé àti àlejò yóò ti máa rí i.